Síìpù Pupa

"Ìpara?" Olórí Ikọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lé e lórí. "Nọ́ọ̀sì, àwa kọ́ la ó máa ra ìpara fún àwọn ọmọge. Ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun máa dán, kó fi owó ara ẹ̀ dán an."

Nọ́ọ̀sì dúró níwájú tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń tọ́jú àwọn eléré ìje orílẹ̀-èdè yìí, ó rò pé òun ti rí gbogbo irú ìwà òmùgọ̀ tó lè ti inú ọ́fíìsì yẹn jáde. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń tọ́jú ti òní dè é. Ohun méjì péré ló béèrè fún nínú ìwé rẹ̀: nẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún eléré mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àti ìpara tí ń lé ẹ̀fọn. Àsìkò òjò ni ìdíje ńlá náà máa bọ́ sí ní ìlú tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í dúró de alẹ́. Ọ̀sán gangan ló ń jẹun, ibà tó sì ń kó ranni máa ń fọ́ èèyàn léegun bí ẹni pé wọ́n fi odó gún un. Kò sí oògùn oníhóró tí èèyàn lè gbé mì tí kò fi ní kó o. Kí ẹ̀fọn má jẹ èèyàn ni gbogbo oògùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, kì í ṣe ìpara ẹwà. Ẹ̀fọn ló ń lé."

"Ìlú ńlá nìyẹn, Nọ́ọ̀sì! Ilé alájà ogún ni wọ́n fi wá sí. Ẹ̀fọn wo ló máa gun àjà ogún?"

"Ẹ̀fọn náà mọ̀ ọ́n wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, sà."

Akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fi ìwé bo ẹnu rẹ̀. Olórí Ikọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé mìíràn sí i, pé kó fọwọ́ sí i pé òun ti rí i. Orúkọ àwọn tó ń rin ìrìn àjò ni. Nọ́ọ̀sì wo ibi tí wọ́n kọ "Alábòójútó Ìlera" sí, ibi tí orúkọ tirẹ̀ ti máa ń wà látọdúnmọ́dún. Orúkọ àbúrò ìyàwó Olórí Ikọ̀ ló bá níbẹ̀.

Táyà ni ọkùnrin yẹn ń tà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, òun ló ta táyà ọkọ̀ ikọ̀ fún wọn, táyà tó bẹ́ láàárín oṣù méjì.

"Ọ̀gá, tí ọmọ kan bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, ṣé afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa fà sí i lára ni?"

Olórí Ikọ̀ fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí ayé rọ̀ lọ́rùn. "Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tẹni ni tẹni, tàkísà ni tààtàn."

Ó ka òwe náà bí ẹni ń ka òfin. Nọ́ọ̀sì jáde, kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan. Láti ọ́fíìsì títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìka tó tọ́ símú la fi í ro imú, àwọn wọ̀nyí wá fẹ́ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ro ó! Ó lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ nípa ẹ̀fọn. Nígbà tí wọn ò dá a lóhùn, ó kọ èkejì, ó tún kọ ẹ̀kẹta. Olórí Ikọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkọ̀ọ̀kan tí Nọ́ọ̀sì tọ́jú, pé òun ti rí i gbà, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe orí ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ikọ̀ náà. Àparò ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ó kúrú, ó sì ń sáré mọ́lẹ̀ fìrì bí ẹyẹ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú tí Nọ́ọ̀sì gbà á tọ́, Mọ́mì ló sì ń pè é. Ní ìdíje tó kọjá, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ibà ẹ̀fọn ló gbé e ṣubú lórí pápá. Ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni eré náà, ìkẹjọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, wọ́n sì fi ibùsùn gbé e jáde níṣojú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ẹnu kan góòlù mọ́. "Mọ́mì, mo kàn fẹ́ parí ẹ̀ ni," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun náà mọ̀ pé èyí ni àsìkò òun tó kẹ́yìn.

Nítorí náà, Nọ́ọ̀sì ò dúró de ìjọba. Ó fi owó oṣù rẹ̀ ra oògùn tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí, èyí tí ẹ̀fọn kì í lè bà lé. Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn yàrá ìtọ́jú tó wà ní pápá ìṣeré, òun àti Àparò àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n rẹ aṣọ ikọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òkè àti ṣòkòtò, aṣọ búlúù gígùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fún wọn jẹ́jẹ́, wọ́n sá wọn sí ibòji.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ọ̀rẹ́ Àparò, eré kan náà ni wọ́n ń sá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gba ìdajì rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ló ti dàgbà. Tí wọ́n bá ń sáré, òun ló máa ń wà níwájú, Àparò á sì tẹ̀ lé gìgísẹ̀ rẹ̀ bí òjìji.

"Ìyá Ẹ̀fọn," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, torí orúkọ tí àwọn eléré sọ Nọ́ọ̀sì nìyẹn, "ṣé ẹ ò ní kúkú rẹ àwa náà sínú ẹ̀?"

"Ìwọ? Odò ni màá wá lọ. Ike yìí ò lè gba ẹsẹ̀ ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi oògùn fi ta sílẹ̀. Nígbà tí aṣọ gbẹ, Nọ́ọ̀sì di ìkọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbéra, wọ́n pe gbogbo ikọ̀ síta kí àwọn oníròyìn lè ya fọ́tò wọn. Nọ́ọ̀sì dé yàrá ẹrù, ó bá aṣọ búlúù lórí tábìlì, kò sí ọ̀rá kan lára wọn. Ìlà irin tó wà lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò mú débi pé ó lè gé àlùbọ́sà. Ó gbé ọ̀kan sí imú. Sítáàṣì ni. Ó gbé òmíràn, sítáàṣì náà ni.

Ó sáré sí ìdí àpótí tí nẹ́ẹ̀tì wà, nẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ tọrọ ní ilé ìwòsàn mẹ́ta. Ó ṣí i. Ojú Olórí Ikọ̀ ló kọ́kọ́ rí, tó ń rẹ́rìn-ín sí i láti inú férémù olómi wúrà. Ó gbé ìyẹn kúrò, ojú Olórí Ikọ̀ mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ogójì férémù ló wà nínú àpótí náà, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín.

Olórí Ikọ̀ gan-an dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀bùn ni, Nọ́ọ̀sì. Àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo."

"Nẹ́ẹ̀tì dà?"

"A ò jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n ti fi bo ọgbà adìẹ mi, àṣá ń dà mí láàmú."

"Aṣọ ńkọ́? Ta ló ní kí wọ́n fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni! Òórùn wo nìyẹn? Ṣé ikọ̀ afínkòkòrò ni wá? Mo ti kó o fún Alágbàfọ̀ láti ọjọ́ Ajé."

Inú bí Nọ́ọ̀sì débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ọkùnrin yìí, adìẹ rẹ̀ ní nẹ́ẹ̀tì, àna rẹ̀ ní àga nínú ọkọ̀ òfuurufú, férémù rẹ̀ ní àpótí, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré níwájú ayé ò ní nǹkan kan. Ó yí padà, ó gba ìdí Baba Alágbàfọ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Baba wà lábẹ́ àga àwọn òǹwòran, òrùlé rẹ̀ jẹ́ pèpéle sìmẹ́ńtì. Ìkòkò ńlá méjì wà lórí iná, Baba dúró tì wọ́n pẹ̀lú igi tó fi ń ro aṣọ inú wọn, èéfín omi gbígbóná bo ojú rẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun nítorí ọṣẹ.

"Baba, kí lẹ ṣe sí aṣọ àwọn ọmọ mi?"

Baba rò pé ó wá kí òun kú iṣẹ́ ni. "Há, Nọ́ọ̀sì, aṣọ yẹn fojú mi rí nǹkan! Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fọ̀ ọ́, òórùn ò lọ. Mo sè é, ó kù díẹ̀. Mo bá da sódà lé e, mo sè é lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fọṣọ, òórùn kan ò tíì borí mi rí."

Nọ́ọ̀sì jókòó lórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó bú sẹ́kún. Ẹkún ìbínú ni, ó ń fi ọwọ́ gbá tábìlì bó ṣe ń sun ún. Nígbà tó ṣàlàyé, igi bọ́ lọ́wọ́ Baba.

"Oògùn ni? Wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Ta ló wá sọ fún mi, Nọ́ọ̀sì? Ọ̀rá kankan ò sí lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n kó o dé." Ó gbé igi náà nílẹ̀. "Ṣé kò sí òmíràn níbi tẹ́ ẹ ti rà á?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà kó tó dé. Ọ̀tunla ni wọ́n ń lọ."

Baba rọra rìn lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó mú aṣọ búlúù kan kúrò lórí ìkọ́, òkè àti ṣòkòtò. "Ó ku ọ̀kan. Síìpù ẹ̀ ló bàjẹ́, ó wà lọ́dọ̀ télọ̀ láti ọjọ́ Sọ́ńdè. Àárọ̀ yìí ni wọ́n dá a padà, mo ti fẹ́ jù ú sínú ìkòkò kẹ́ ẹ tó wọlé."

Télọ̀ ò rí síìpù búlúù, pupa ló fi sí i. Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ náà sí imú, oògùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ó yí ọrùn rẹ̀ síta láti wo nọ́ńbà tí wọ́n rán mọ́ ọn. Ẹ̀rìnlá ni, aṣọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀ẹ́dógún ni Àparò.

Ó di aṣọ náà mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Baba, ẹ yá mi ní sísọ́ọ̀sì kékeré àti abẹ́rẹ́."

Àgbà ni Baba, kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nọ́ọ̀sì lọ mú aṣọ Àparò wá láti yàrá ẹrù, ó tú ẹ̀rìnlá, ó tú ẹ̀ẹ́dógún lára aṣọ onísítáàṣì náà, ti òkè àti ti ṣòkòtò, ó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, aṣọ kan. Tí kò bá jẹ́ tẹni tó rẹ ẹ́, tó sunkún lé e lórí, ta ló máa jẹ́ tirẹ̀? Tẹni ni tẹni, tàkísà ni tààtàn, ó wí i nínú ọkàn rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn ẹni tó kọ́kọ́ wí i. Ó fa òwú náà le sí i.

"Ọmọ tó ni aṣọ yẹn ga ju tìrẹ lọ o," ni Baba wí.

"Á ká a sókè."

"Èkejì ńkọ́?"

"Baba, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti ro tèkejì ò rò ó. Èmi ni màá wá rò ó?"

Baba bomi pa iná abẹ́ ìkòkò rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra, wọ́n pín aṣọ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì ti ìpara kan tó fi owó ara rẹ̀ rà bọ Àparò lápò, ó ní kó má ṣe bọ́ aṣọ yẹn lọ́sàn-án, kó máa da omi tó bá dúró sínú ike nù, kó má ṣí fèrèsé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì. Àparò ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́, àkọ́sórí ni mo kọ́ ọ." Ọkọ̀ gbé wọn lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ìròyìn dé. Ẹni méje nínú ikọ̀ náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Abẹ́ ilé tí wọ́n fi wọ́n sí, adágún omi ló wà níbẹ̀. Olórí Ikọ̀ gan-an wà lára wọn, kò lè gbé orí sókè láti bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ọwọ́ họ apá. "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni," ni Alábòójútó Ìlera wí. "Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún wa."

Nọ́ọ̀sì dìde nínú yàrá rẹ̀, ó pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí alábàágbé rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó kìlọ̀! Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó kó lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfọwọ́sí Olórí Ikọ̀ nísàlẹ̀. Lọ́la ni yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé lè kà á pé ẹni tó gba aṣọ lára ọmọ olọ́mọ, tó kó tẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀, ń fi Ọlọ́run bo ojú. Ó ń wá àpò ìwé tó máa kó wọn sí nígbà tí fóònù dún.

"Mọ́mì."

"Ara ẹ ńkọ́? Ṣé ara ẹ ò gbóná?"

"Ara mi le. Ọ̀la ni eré wa." Àparò rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, ta ló pààrọ̀ nọ́ńbà?"

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan lẹ́tà orí tábìlì.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ síìpù ẹ̀, òun ló gbé e fún télọ̀. Ó rí i lára mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan kan. Ṣòkòtò tèmi tí wọ́n fún un, ojúgun ẹ̀ ló mọ. Ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wọ̀ kó lè bo kókósẹ̀. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ni ẹ̀fọn ọ̀sán ń wá?"

"Ọmọ mi ni ẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Òun, ọmọ ta ni?"

Nọ́ọ̀sì da ojú àwọn lẹ́tà náà dé orí tábìlì.

"Mo ti dá ṣòkòtò padà fún un," ni Àparò ń bá a lọ. "Mo ní kó mú òkè náà, ó kọ̀, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́. Ìpara náà, a ti pín in sí méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Tí ìwọ bá wá ṣàìsàn ńkọ́? Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin?"

"Tí mo bá ṣàìsàn, ẹ̀fọn ló ṣe mí. Tóun bá ṣàìsàn, èmi àti ẹ̀yin ni."

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì jókòó ti lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbínú rẹ̀ ò lọ, ó kàn yí ojú padà sí i ni. Nígbà tó yá, ó fa ìwé kan jáde, ó kọ lẹ́tà kẹrin. Kò gùn. Ó kọ nọ́ńbà aṣọ méjèèjì síbẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti pààrọ̀ wọn, ó fọwọ́ sí i. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò ìwé kan náà.

Ìdí Baba Alágbàfọ̀ ló ti wo eré náà lọ́jọ́ kejì. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí pẹpẹ láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, oníbàárà méjì tó wá gba aṣọ sì dúró láti wò ó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà láàárín àwọn tó síwájú. Àparò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ìyípo kẹjọ, Nọ́ọ̀sì di aṣọ kan mú lórí tábìlì, ó fún un títí gbogbo irin ara rẹ̀ fi bàjẹ́. Baba rí i, kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹjọ kọjá. Ìkẹsàn-án kọjá. Nígbà tó di ogún, àwọn tó síwájú já Àparò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀, ó ń sáré mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń sá a.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ipò karùn-ún. Àparò gba ìkọkànlá, ó parí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Omijé ń wá, ó jẹ́ kó máa wá. Lórí pápá, oòrùn ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú, ẹ̀fọn ọ̀sán ṣì ń jẹun, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì ń yára wọ aṣọ búlúù padà. Ṣòkòtò Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rún jégejège, ṣùgbọ́n ó bò ó dé gìgísẹ̀. Ẹ̀wù Àparò rún ju bẹ́ẹ̀ lọ, síìpù pupa là á láàárín, apá rẹ̀ sì gùn débi pé nígbà tí kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó gbé ọwọ́ sókè, a ò rí ìka kankan. Apá aṣọ nìkan ló ń jù sí wọn.

Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ gbá itan. "Ẹ wo ọmọ yìí! Ó dà bí ẹni tó jí aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wọ̀."

Baba Alágbàfọ̀ wo ilẹ̀.

"Òun kọ́ ló jí i," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Èmi ni."